Ta Ló Ń Mu Bátìrì Ìyá Ẹlẹ́yin?

"Ẹ jẹ́ kí n já olè yìí kúrò, Màmá! Kí n so ẹ̀rọ mọ́ bátìrì ní tààrà."

Ọkọ ọmọ Ìyá Ẹlẹ́yin ló ń sọ̀rọ̀, ó ti fi ẹ̀mú há wáyà. Kọntírólà ló ń pè lólè, àpótí pẹlẹbẹ ara ògiri tó wà láàárín páńẹ́lì sólà orí òrùlé àti bátìrì. Láti ìdájí ló ti tan iná pupa, tó sì gé iná kúrò lára ẹ̀rọ ìsàba. Ọ̀ọ́dúnrún ẹyin ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n di òròmọdìẹ.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Ẹlẹ́yin ti fi ń ta ẹyin tí adìẹ oníadìẹ yé. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sàba ẹyin láti ní òròmọdìẹ tirẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì ti gbọ́, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí wọ́n bá kú sínú èèpo, ibo ni yóò gbójú sí?

"Ǹ bá jókòó lé wọn fúnra mi," ó ní. "Ìdí mi yìí á kárí gbogbo wọn. Ìwúwo rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ta ni yóò rẹ́rìn-ín ìdí ìyá ìyàwó rẹ̀?

Àfi bí oníná sólà ṣe já wọlé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so irinṣẹ́ mọ́ ìbàdí, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè láàárọ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀! Olè kọ́ o, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni."

"Ẹ̀ṣọ́ wo ló ń febi pa onílé?"

"Èyí tí kò fẹ́ kílé wó. Bí òrùn bá mú, páńẹ́lì á máa rọ́ iná wá bí ẹni tínú ń bí. Kọntírólà ló ń wò ó bóyá bátìrì ti yó. Bó bá ti yó, á dín iná kù kó má baà hó, kó má wú. Bílẹ̀ bá ṣú, kò ní jẹ́ kí iná padà gòkè sínú páńẹ́lì. Bí bátìrì bá sì fẹ́ gbẹ, á tilẹ̀kùn mọ́ ohun yòówù tó ń mu ún. Bátìrì tí wọ́n bá mu gbẹ kanlẹ̀, kì í bọ̀ sípò mọ́."

"Ọmọ ọwọ́ ni, àbí?" ni Ìyá Ẹlẹ́yin wí. "Èyí tó ti yó, tó o tún ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á bì sí ẹ láyà ni."

"Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, mà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣèṣirò bátìrì yìí, ẹ̀rọ nìkan ò lè mu ún tán mọ́jú. Kí ló tún ń mu níbẹ̀?"

Ìyá Ẹlẹ́yin ń wo àjà bí ẹni tó ń ka pákó. Oníná tọ wáyà tín-ín-rín kan lọ: ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó gba ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó já sí yàrá. Fáànù ńlá kan dúró síbẹ̀, ó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá!" ni ọkọ ọmọ rẹ̀ kígbe.

"Má pariwo, jàre. Olè tí ò ń wá nìyí." Ìyá Ẹlẹ́yin bú sẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì. "Ooru ló mú mi. Mo ní kí atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́ sí mi lára. Mi ò mọ̀ pé ẹnu àwọn ọmọ mi ni mò ń já a gbà."

Oníná fi aṣọ nípọn bo ẹ̀rọ kí ooru tó ṣẹ́kù má baà jáde. Ó mú ẹyin kan, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i nídìí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ ọn. Òjìji kékeré kan ta pọ́n-ún nínú èèpo.

"Ó wà láàyè," ni oníná wí. "Òrùn ti ń mú bọ̀."

Kò tó wákàtí kan tí bátìrì fi rí díẹ̀ mu. Iná pupa di aláwọ̀ ewé, ẹ̀rọ ìsàba sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn.

"Ẹ lè máa tan fáànù lọ́sàn-án, mà, bí bátìrì bá ti yó."

"Rárá o. Mo mọ ara mi. Bí mo bá tọ́ ọ wò lọ́sàn-án, màá wá a lálẹ́." Ó fa wáyà fáànù yọ fúnra rẹ̀, ó sì gbé fáànù náà lé ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Gbé e lọ fún ìyàwó ẹ."

"Ooru alẹ́ ńkọ́, Màmá?"

"Bóoru bá mú èmi, màá bọ́ṣọ. Bótùútù bá mú ẹyin, aṣọ wo ló fẹ́ wọ̀?"