Kóòtù Ìyá Odó

Ìyá Odó ni wọ́n ń pè mí ní lábù, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń lọ nǹkan fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn á kọ̀wé, wọ́n á gboyè. Apá á máa ro èmi. Odó mi ò ju abọ́ funfun kékeré kan lọ, ọmọ rẹ̀ ò sì gùn ju àtàǹpàkò méjì lọ. Ẹ má fojú kéré ẹ̀. Òun ló jẹ́ kí èjìká mi ọ̀tún ga ju tòsì lọ.

Lúbúlúbú méjì ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan jẹ́ oògùn ọkàn, èkejì máa ń kan lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́. Bí èèyàn bá da iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀, iyọ̀ á ṣì máa jẹ́ iyọ̀, ṣúgà á máa jẹ́ ṣúgà. Àwọn méjì yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá lọ̀ wọ́n pọ̀ ní gbígbẹ, láìsí omi, láìsí iná, wọ́n á di ara wọn mú títí wọ́n á fi di kírísítálì tuntun, hóró kéékèèké bí ti iyọ̀, tí kò jọ bàbá, tí kò jọ ìyá. Ẹ̀rọ kan wà ní yàrá kejì tó máa ń ya ilà ohunkóhun tí a bá gbé sínú rẹ̀. Kò sí kírísítálì méjì tí ilà wọn bára mu, bí ìtẹ̀ka ọmọ aráyé ló rí.

Nígbà àkọ́kọ́, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi lọ̀ ọ́ kí ilà tuntun tó yọ. Dókítà, ọ̀gá mi tí mo fi ọdún méjìlá dàgbà jù, ti sọ̀rètí nù. Mo ní, "Ọ̀gá, bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba." Ó sì pè é. Láti ọjọ́ yẹn, ìdajì wákàtí péré ti tó. A ṣe ìgò mẹ́ta, a fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà. Wọ́n yọ́ gbogbo rẹ̀ sómi, wọ́n rí i pé kíá ló yọ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kí a wá lọ̀ ọ́ lójú àwọn. Bí wọ́n bá rí i, iṣẹ́ á tẹ̀síwájú. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á tì í pa.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bí Dókítà ṣe rò lọ. Oògùn yẹn gan-an ni ọkọ mi ń lò. Ó ń wa tírélà tẹ́lẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ tó ní òun ò ṣe mọ́. Ẹyọ mẹ́fà láàárọ̀, mẹ́fà nírọ̀lẹ́, torí pé oògùn náà kì í yọ́ dáadáa nínú. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ilé ìgbẹ́ ló ń gbà lọ. Lójoojúmọ́ á na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, á ní, "Ìyá wọn, ìgbà wo lẹ̀yin ará lábù máa sọ ọ́ di ẹyọ kan?" Èmi á ní, "Ẹ ṣì gbé eléyìí mì ná."

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà ní kí gbogbo nǹkan máa dán nítorí àlejò. Wọ́n pín kóòtù tuntun tí a ń wọ̀ ṣiṣẹ́ fún wa. Mo di ògbólógbòó tèmi, tí lúbúlúbú ti gan mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, sínú ọ̀rá, mo gbé e relé, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. A nu ilẹ̀, a nu fèrèsé, a nu tábìlì. Mo da ásíìdì sínú odó mi, mo fi sílẹ̀ mọ́jú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ̀ ọ́ fún ìdajì wákàtí. Ilà àtijọ́ méjèèjì nìkan ló yọ. Mo lọ̀ ọ́ fún wákàtí mẹ́ta sí i. Ilà àtijọ́ náà ni. Lọ́jọ́rú, mo lọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí ìka mi fi wú, Dókítà sì ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn mi bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

"Màmá, ṣé ẹ ò yí nǹkan kan padà?"

"Kí ni mo fẹ́ yí? Ọwọ́ mi àná náà ni."

"Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa?"

"Ọ̀gá, kí n tó mọ̀ yín ni mo ti ń wọn nǹkan." Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí débi pé ìbínú gan-an ò rójú dúró.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo jókòó, mo ń fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ kóòtù tuntun mi. Ó rọ̀. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Bí ìwúkàrà ṣe rí fún búrẹ́dì ni: kírísítálì yìí fẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ ti wà ńlẹ̀ kó tó wá. Èérún tó há sí àwọn ibi tó ti sán tín-ín-rín nínú odó mi ló ń pè é láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe ọwọ́ mi. Èmi náà ni mo sì fi ásíìdì fọ̀ wọ́n dànù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣera mi.

Mo sọ ọ́ fún Dókítà. Ó rọra jókòó.

"Nínú gbogbo ilé yìí, Màmá, kò ní ku èérún kan?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kó máa dán, Ọ̀gá. Ó ń dán." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí kóòtù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. "Ẹ dúró dè mí. Ẹ má lọ síbì kankan."

Ọkọ̀ méjì ni mo wọ̀. Mo ń rò ó bọ̀ pé màá gbọn ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sórí bébà, pé èérún kan ṣoṣo ti tó. Orúnkún tó ń dùn mí láti ọdún tó kọjá, mo fi sáré gun àtẹ̀gùn ilé wa.

Kò sí kóòtù lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi wà lórí àpótí níbẹ̀, apá rẹ̀ tutù dé ìgbọ̀nwọ́, mímí rẹ̀ ń dún bí táyà tó ń jò. Kóòtù mi wà lórí okùn lókè orí rẹ̀. Omi ń kán láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sínú gọ́tà.

"Má bínú pé ó pẹ́ kí n tó ràn ọ́ lọ́wọ́," ó ní. "Mo rí i tó gan bí páálí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ omi. Mo ń sinmi láàárín."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dìde lórí ibùsùn?"

"Èmi náà ni. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ bí o ṣe ń kérora lójú oorun." Ó nawọ́ sí ẹ̀wù náà. "Ọrùn ọwọ́ yẹn ló yọ mí lẹ́nu jù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó dáadáa. Wò ó, ṣé ó mọ́?"

Mo di ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù náà mú. Ó ti rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Bí mo bá sọ fún un, yóò máa rò ó títí tí yóò fi kú pé ọwọ́ ara òun lòun fi ṣera òun. Fóònù mi dún nínú àpò. Dókítà ni. Mo jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́.

"Ó mọ́," mo ní. "Bàbá wọn, ó mọ́ gan-an ni. Ẹ ṣé o."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbẹ̀bùn. Àkókò oògùn ìrọ̀lẹ́ ti tó. Mo gbé ìgò rẹ̀ wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí omi ọṣẹ ti mú hunjọ. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

"Ìyá wọn," ó ní, "ìgbà wo lẹ̀yin ará lábù..."

"Ẹ ṣì gbé eléyìí mì ná," mo ní, mo sì ka mẹ́ta tó kù sí i lọ́wọ́.