Ẹ̀mí Delfina lórí Àtẹ̀gùn Òkúta

"Bàbá Delfina, ẹ má gùn ún mọ́. Wọ́n ti fi okùn dí i."

Venancio ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣọ́ àwókù ìlú àtijọ́ ní Seibal. Anselmo Tiul ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ó ká aṣọ ọmọ rẹ̀ mọ́ abẹ́ abíyá. Ìyá ìyàwó rẹ̀, Marcelina, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó mú àbẹ́là àti tùràrí dání.

"Venancio, jọ̀ọ́. Àtẹ̀gùn kẹjọ péré ni. Ibẹ̀ lọmọ mi ti ṣubú."

"Mo mọ̀. Ṣebí mo wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ náà." Venancio wolẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú."

Oṣù tó kọjá ni Delfina pé ọmọ ọdún méje. Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu pé òun fẹ́ rí ilé àwọn baba ńlá wa, èyí tí àwọn òyìnbó ń wọ bàálù wá wò. Ni Anselmo bá mú un lọ lọ́jọ́ Àìkú kan. Ọmọ náà gun àtẹ̀gùn dé ìkẹjọ, ọ̀bọ kan bú ramúramù lórí igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó yí gbirigbiri wá sílẹ̀. Egungun kankan ò ṣẹ́. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló bó.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó kàn. Ọmọ tó bá fi ẹ̀rù ṣubú, ẹ̀mí rẹ̀ máa ń jókòó síbi tó ti ṣubú ni. O máa fi aṣọ ọmọ na ilẹ̀, wàá pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wàá ní ó yá, jẹ́ ká lọ, má dúró síbí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Anselmo mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n ti ṣe é fún òun náà rí. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó tó ogún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé fóònù sókè, ọ̀kan ti ń ya fọ́tò. Ojú tì í. Kò fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tóun ti ń kígbe mọ́ òkúta bíi wèrè. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni Delfina ò ti jẹun dáadáa mọ́. Ó ń sùn ṣáá, ó sì ń sunkún lójú oorun. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ara rẹ̀ gbóná. Dókítà ní ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, èmi ò bá dókítà jiyàn. Ọmọ náà kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀gbẹ́ òkú ni Anselmo ti jẹ́wọ́ fún Odilia ìyàwó rẹ̀ pé òun ò pe ẹ̀mí ọmọ. Odilia ò bú u, kò sì sunkún. Ohun tó sọ ò ju èyí lọ: "Lọ mú un wá. Tí o ò bá mú un wá, má wọ ilé yìí."

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti kú. Lọ́la ni wọ́n máa ri àgbélébùú mọ́ ojú oórì. Ẹ̀mí tí kò bá tíì délé títí dìgbà yẹn, ibi tó wà náà ni yóò máa gbé.

"Ẹ dúró nísàlẹ̀ níbí kẹ́ ẹ pè é," Venancio ní. "Mi ò rí yín. Àmọ́ ẹ má tanná o, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Èmi tí mo gbẹ̀bí ìyá ẹ lo ń sọ fún pé kí n má tanná," Ìyá Marcelina ní. "Ilé baba wa, ọmọ onílé ni wọ́n ń fi okùn dí i mọ́."

"Màmá, èmi kọ́ ni mo so okùn."

"Mo mọ̀. Ìwọ kàn ń ṣọ́ ọ ni."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àwọn àlejò kan ti yọ láàárín igi, àwọn òyìnbó mẹ́wàá pẹ̀lú ẹni tó ń mú wọn kiri. Anselmo rí wọn. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ìyá àgbà wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ojú tún ń tì ọ́ ni?"

Anselmo na aṣọ ọmọ náà sí i.

"Anselmo, mi ò ní bá ọ pè é. Ohùn ẹni tó mú un wá síbí ló ń retí."

Anselmo kúnlẹ̀. Ó fi aṣọ na òkúta, ó pe Delfina, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò jáde. Àwọn àlejò dúró. Ẹnì kan gbé fóònù sókè. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi gbogbo agbára kígbe, tí àwọn ẹyẹ fi fò lórí igi.

"Delfina, bàbá ẹ ló ń pè ọ́. Dìde, ká máa lọ sílé. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Ojú ló tì mí. Torí ojú àwọn ẹni ẹlẹ́ni ni mo ṣe fi ọ́ sílẹ̀ síbí."

Ó sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, kò sì bojú.

"Ṣé ó gbọ́, Màmá?"

"Dìde. Má wẹ̀yìn. Máa bá a sọ̀rọ̀ lọ."

Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Gbòǹgbò rèé, gbẹ́sẹ̀ sókè. Ilẹ̀ ibí ń yọ̀, rọra. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ó ní, "Jókòó síbí, di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú." Ọlọ́kọ̀ gbọ́, ó gbé àpò àgbàdo rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó. Gbogbo ọ̀nà ni Anselmo fi ń wò ó bóyá òun á mọ nǹkan kan lára, ì báà jẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ lọ́rùn. Kò mọ nǹkan kan. Aṣọ ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bó ṣe fúyẹ́ láàárọ̀.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n délé. Odilia ń tẹ àkàrà àgbàdo nídìí ààrò. Ó dìde wá sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ yẹn ló ń wò, kò wo ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ó bá ọ wá?"

Anselmo wo ìyàwó rẹ̀, ó rí bó ṣe rù láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Ó bá mi wá," ó ní. "Ebi ń pa á."

Odilia yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, níbi tí èjìká ọmọ ọdún méje máa ń mọ. "Wọlé, ọmọ mi," ó ní, "wá jẹun." Ìgbà náà ni ẹkún tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ yìí wá bú jáde. Ìyá Marcelina wọlé tẹ̀ lé e. Anselmo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àwo kalẹ̀, tí wọ́n ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó dúró síta títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò sẹ́ni tó pè é wọlé.