Ojú Ọ̀gá Àkàngbé

Fọ́tò méjì ni Sẹ̀gilọlá tẹ́ sórí tábìlì Àkàngbé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fọ́tò, ní Ìdí-Àràbà, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gba fọ́tò ìdíje kẹ́yìn. Ilé ìkàwé kan ní Sùúrùlérè ló gbé ìdíje náà kalẹ̀ lọ́dún 1989: ẹnì kan, fọ́tò kan. Èyí tó bá gbégbá orókè, wọn yóò fọ̀ ọ́ ní ńlá, wọn yóò gbé e kọ́ sára ògiri fún odidi ọdún kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yà á lábẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi yan ọ̀kan. Ojú yín ni mo fọkàn tán."

Àkàngbé wo àkọ́kọ́, nǹkan kan sì gún un láyà. Ọ̀yìngbò ni. Reluwé ti lọ, èéfín rẹ̀ nìkan ló kù. Bàbá arúgbó kan dúró lẹ́bàá irin, kò tíì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń juwọ́ sí ẹni tí kò lè rí i mọ́. Ogún ọdún ni Àkàngbé ti ń gba Ọ̀yìngbò kọjá pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Kò rí ọwọ́ yẹn rí. Ọmọ tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki fíìmù bọ kámẹ́rà, tó ṣe fúríìdọ̀mù lọ́dún mẹ́ta péré sẹ́yìn, ló rí i. Fọ́tò tí Àkàngbé fúnra rẹ̀ fẹ́ fi díje wà nínú dúrọ́ọ̀: ọkọ àti ìyàwó, àwọn méjèèjì le gbagidi, òdòdó oníke láàárín wọn. Lánàá, ó rẹwà lójú rẹ̀.

"Kí ni bàbá yìí ń ṣe? Ṣé eṣinṣin ló ń lé?"

Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ ò ní pa mí! Ó ń dágbére ni."

"Kò hàn."

Ó mú èkejì: ìbejì lórí ẹní kan náà, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni. Kẹ́hìndé, ọ̀kan nínú ìbejì Sìmíátù aláṣọ, ti kú, ìyá náà sì fẹ́ fọ́tò ìbejì rẹ̀. Sẹ̀gilọlá ṣe é bí Àkàngbé ṣe kọ́ ọ: ó ya Táyé lápá ọ̀tún, ó yà á lápá òsì, ó fọ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan.

"Èyí ni kí o mú lọ."

"Òfin wọn ńkọ́, ọ̀gá? Lẹ́tà rẹ̀ kéré jù, mi ò tíì kà á tán."

Ìwé òfin ìdíje náà wà níwájú Àkàngbé. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlà keje ni: Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí a ya fọ́tò, a kò gba èyí tí a fi méjì pa pọ̀ ṣe.

"Mo ti kà á. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, fọ́tò ẹnì kan láti Yábàá ló wà lára ògiri ilé ìkàwé náà. Àkàngbé ń gé pásípọ́ọ̀tù Nọ́ọ̀sì Mabel tó dúró tì í, oníbàárà kan tún jókòó lórí bẹ́ǹṣì, nígbà tí Sẹ̀gilọlá wọlé. Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù.

"Wọ́n dá tèmi padà, ọ̀gá. Wọ́n fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ìlà keje nínú ìwé òfin. Ẹ̀bi yín kọ́, ojú yín ni. Ẹ ò rí ìlà yẹn, ẹ ò sì rí i pé bàbá Ọ̀yìngbò ń dágbére. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọ̀gá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú."

Mabel gbé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sókè. "Abájọ tí wọ́n fi gé mi létí!"

Oníbàárà tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde. "Ọ̀gá, mò ń bọ̀ o." Gbogbo wọn mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mìíràn ló ń lọ.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ pé ayàwòrán Ìdí-Àràbà kò ríran mọ́. Àkàngbé na ọwọ́ gba ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ Sẹ̀gilọlá. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó ka ìlà keje sókè láìkọsẹ̀. Ó tún ka orúkọ ẹni tó tẹ ìwé náà, tó kéré ju gbogbo rẹ̀ lọ, nísàlẹ̀ pátápátá.

Oníbàárà náà padà jókòó. Sẹ̀gilọlá rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po.

"Ojú yín dá ṣáká, ọ̀gá."

Kò kúnlẹ̀ kó tó jáde.