Eré Tí Mojọlá Sá Dé Ojúde Ìyá Rẹ̀

Wọ́n ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ejò tó ń lé Mojọlá kò ṣeé fi han èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìjerò kò fi bò rárá: "Tíṣà, ẹ máa lo oògùn yín, kẹ́ ẹ sì padà sídìí eré tẹ́ ẹ máa ń sá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n yín gbà lọ lẹ̀yin náà ń tọ̀ yìí."

Ó kúkú mọ eré sá tẹ́lẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń rí. Nígbà tó di tíṣà ní Ìlórò, àràárọ̀ ló ń sá a lọ́nà oko. Ṣùgbọ́n lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí ẹ̀jẹ̀ ríru pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adékúnlé, lọ́sibítù, láti ìdíkọ̀ ló ti fi eré gé e dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn láti túfọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ eré.

Sátidé tó tún bẹ̀rẹ̀, òjò ti ba ọ̀nà oko jẹ́, ló bá gba títì àárín ìlú, tó gba àdúgbò ìyá rẹ̀ kọjá. Kò tíì lọ jìnnà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo bí odó. Ṣọlápé ọlọ́kadà dúró: "Àǹtí, ẹ gùn ún, n ò ní gbowó!" Mojọlá kàn juwọ́ sí i. Ó kọjá lára Bàbá Bámigbóyè, kò kúnlẹ̀. Ẹ gbà mí o! Obìnrin tó kọ ọ̀kadà ọ̀fẹ́, tí kò tún kúnlẹ̀ kí àgbà? Ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn. Kó tó yà sí àdúgbò ìyá rẹ̀, èèyàn márùn-ún ti ń tẹ̀ lé e, ọwọ́ lórí.

Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, bó ṣe sáré bọ̀ lọ́jọ́sí gẹ́lẹ́. Atẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mojọlá, ta ló tún kú?"

Mojọlá fẹ́ dáhùn, èémí kò jẹ́. Ó la ẹnu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wá ń mirí pé rárá o, kò sí nǹkan. Àwọn tó wà lẹ́yìn rí i tó ń mirí, wọ́n figbe ta.

"Yéè! Ulé mi ti tú o!" Ìyá fìdí jókòó sórí ẹ̀wà.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fi máa jáde, "Kò sẹ́ni tó kú, Màámi, eré lásán ni," omijé ti bo ojú ìyá. Ó di etí aṣọ ọmọ rẹ̀ mú.

"Eré lásán? Ìwọ nìkan lo kù fún mi. Ṣèlérí pé o ò ní sáré mọ́. Ikú ni eré tìrẹ ń gbé wá bá mi."

Mojọlá wò ó. Bó bá sọ ohun tí dókítà wí, ìyá yìí ò ní dìde níbi tó jókòó sí. Bí kò bá sì sọ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀rù bà á, kò rí ẹni tí yóò bi. Ó fi ọ̀rọ̀ dókítà sínú.

"Mo ṣèlérí, Màámi."

Àwọn ará àdúgbò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. Mojọlá rìn padà sílé, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Bámigbóyè. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ́n, bó ṣe yẹ kí tíṣà máa rìn nìyẹn. Wàá pẹ́ láyé."