Àga Inú Yàrá Ìdánwò

Ìyàwó mi ló máa ń jókòó sórí àga inú yàrá ìdánwò. Kò sí kámẹ́rà tó ń jáde nílé iṣẹ́ wa tí a kì í kọ́kọ́ fi yà á wò. Bí kámẹ́rà bá ti rí i, ilà kékeré onígun mẹ́rin á yọ nínú àwòrán, á yí ojú rẹ̀ ká. Ojú rẹ̀ náà la fi kọ́ ẹ̀rọ láti dá èèyàn mọ̀.

Ó kú. Àga ṣófo, ṣùgbọ́n ilà náà kò yéé yọ. Àwọn ẹlẹ́rọ ní àga ni kámẹ́rà fi ń pe èèyàn. N kò bá wọn jiyàn. Láràárọ̀, mo máa ń tan kámẹ́rà kan, mo máa ń kí ìyàwó mi, kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn olùdókòwò tó ní ìpín tó pọ̀ jù nílé iṣẹ́ wa ní àwọn fẹ́ tà á. Aṣojú wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan, mú ẹni tó fẹ́ rà á wá. Ọkùnrin náà kọjú kámẹ́rà sí àga.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà," aṣojú náà fèsì.

"Kámẹ́rà yín ń rí òkú, ẹ wá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ alààyè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Aṣojú náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń bójú tó yàrá yìí. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà gbàgbé àga yẹn. Bí wọn ò bá ra ilé iṣẹ́ yìí, a ó tì í pa ni."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jókòó síbẹ̀?"

"Wọ́n ti sọ fún mi. Ẹ má bínú, sà." Kò wo àga náà.

Mo wo àwọn tó ń to kámẹ́rà lódìkejì ògiri onígíláàsì. Gbogbo wọn ló ní ẹni tí wọ́n ń bọ́. Mo pa ojú ìyàwó mi rẹ́ nínú ẹ̀rọ, mo fi ojú àwọn ẹlòmíràn kọ́ ọ. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, ilà kankan ò yọ. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mo tọrọ àga náà. Wọ́n fi kámẹ́rà kan kún un, ọ̀kan nínú àwọn tó ti gbàgbé.

Ọmọ mi obìnrin wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Mo jókòó sórí àga, ó gbé kámẹ́rà sójú. Ó gbé e kúrò, ó wò mí, ó tún gbé e sójú.

"Ṣé kò ríran ni?"

"Ó ń ríran." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ sún díẹ̀, Bàbá. Ẹ ò fi àyè sílẹ̀ fún Màmá."

Mo sún dé etí àga.