Kámẹ́rà Tí Yóò Mọ Àlàárì

1.

…tí gbogbo wọn sì yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, bí adìẹ ṣe ń yíjú sí ẹni tó gbé àgbàdo dání.

"Tíṣà ni," ni Bàbá Ládòkun, olórí ẹgbẹ́ ahunṣọ, wí. "Tíṣà ni yóò bá wa yan kámẹ́rà náà."

Adétúnjí fẹ́ sọ pé rárá. Ó dìde. Ó dúpẹ́.


2.

LẸ́TÀ TÓ FA Ọ̀RỌ̀

Èkó,
ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, 1983.

Sí Ẹgbẹ́ Ahunṣọ Agboolé Ládòkun, Ìsẹ́yìn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí ogún aṣọ tí mo dá padà lọ́dún tó kọjá. "Pupa" lẹ kọ sínú lẹ́tà yín. Mo rò pé àlàárì ni, pupa rẹ̀dòdò. Nígbà tí mo tú ẹrù, ohun tí mo bá níbẹ̀ pupa bí èèpo ọsàn. Oníbàárà mi kò gbà á.

Mo ń ṣe ìwé àwòrán ọjà báyìí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni n óò fi ránṣẹ́ sí. Wọn yóò wo fọ́tò, wọn yóò kọ nọ́ńbà aṣọ tó wù wọ́n sí mi, èmi náà yóò sì kọ̀wé sí yín. Nítorí náà:

— fọ́tò aláwọ̀ ni kí ẹ yà, kì í ṣe dúdú òun funfun;
— aṣọ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́;
— ẹ ta aṣọ funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀;
— kí àwọ̀ inú fọ́tò bá àwọ̀ ara aṣọ mu. Èyí ló ṣe pàtàkì jù.

Kí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oṣù kẹta tó parí. Bí àwọ̀ bá tún ṣì lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò ní lè rajà ní Ìsẹ́yìn mọ́.

Èmi ni,
Mọ́ládé.


3.

Òfì mọ́kànlá ló wà ní agboolé Ládòkun. Mẹ́rin ló ń dún lóṣù yẹn. Àwọn tó ń jókòó nídìí méje yòókù ti lọ: àwọn kan sí Èkó, àwọn kan sí oko iṣu níhà Ìgbòho. Mọ́ládé nìkan ni oníbàárà ńlá tó kù.


4.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò mọ̀:

Adétúnjí kò mọ àlàárì yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.


5.

Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n ń pè. Ó ń rí ẹyẹ lórí igi ẹ̀mì lókèèrè réré. Ṣùgbọ́n bí àlàárì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé, ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú rẹ̀, àwọ̀ kan bí ewé gbígbẹ tí òjò pa.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó hun òwú aláwọ̀ ewé sáàárín àlàárì ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá rẹ̀ nà án. Ó ní ọkàn ọmọ náà kò sí nídìí iṣẹ́, pé ọ̀lẹ ni. Adétúnjí gbà pé ọ̀lẹ ni òun. Ó sá lọ sídìí ìwé, nítorí lẹ́tà dúdú lórí bébà funfun kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń fi í pamọ́. Èdè wa náà sì bá a bò ó. Ọsàn pọ́n, a ní ó pupa. Ilẹ̀ Ìsẹ́yìn pupa. Epo pupa. Àlàárì pupa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí gba gbogbo wọn, ó sì gba Adétúnjí mọ́ wọn.


6.

Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Òun ló kọ "pupa" sínú lẹ́tà ọdún tó kọjá.


7.

BÍ Ó ṢE Ń ṢE É

Ata: ó ń tẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó mọ̀ pé ó ti pọ́n.
Aṣọ: kì í rà á láìmú ìyàwó rẹ̀ dání.
Báírò pupa tó fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé: ó so rọ́bà mọ́ ọn lọ́rùn.


8.

LÁTINÚ ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ RẸ̀

Ràsáàkì onífọ́tò yá kámẹ́rà mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn kí a fi dán an wò. Èyí tí a bá yàn ni yóò bá wa lọ rà.

K1. Ó ń pọ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀. A kò nílò láti gbé fíìmù lọ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni. Kò ṣe é tún tẹ̀.

K2. Orí rẹ̀ ni a ti ń bẹjú wò ó, bí ẹni ń wo kànga. Fọ́tò méjìlá ni fíìmù rẹ̀ ń gbà. Ó wúwo. A lè ka fọ́nrán òwú nínú fọ́tò rẹ̀.

K3. Ó kéré, ó fúyẹ́. Fọ́tò mẹ́rìndínlógójì. Ojú rẹ̀ ṣe é yọ, kí a fi òmíràn sí i.

Ìmọ́lẹ̀: aago mẹ́jọ àárọ̀, lábẹ́ òjìji ògiri, kí ọyẹ́ tó gbé eruku dìde.

Àwọ̀:


9.

Kò kọ nǹkan kan síwájú "Àwọ̀".


10.

Aṣọ méjì ni wọ́n fi dán an wò, àlàárì kan àti aláwọ̀ ewé kan. Àpọ́nlé ló pa òwú méjèèjì láró. Ìyá àgbà náà ti ń pa òwú láró kí wọ́n tó bí Adétúnjí. Ràsáàkì ta méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan yà wọ́n ní fọ́tò kan ṣoṣo, ó gbé fíìmù lọ Ìbàdàn, ó sì kó fọ́tò dé lọ́jọ́ kẹfà. Adétúnjí fi pẹ́ńsù kọ K1, K2, K3 sí ẹ̀yìn wọn.

Lẹ́yìn náà ó kó wọn lọ sílé, ó tẹ́ wọn síwájú Ọmọ́bọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, tí kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì.


11.

ADÉTÚNJÍ: Ìyá Mojọlá, èwo ló wù ọ́ nínú wọn?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ẹ jẹ́ n nu ọwọ́ ná. Hẹn-ẹn. Èyí kọ́. Ó ti ṣá, bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sára báńdéèjì.

ADÉTÚNJÍ: Méjì tó kù ńkọ́?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ọ̀kan dáa, ọ̀kan ò dáa. Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni?

ADÉTÚNJÍ: Mo rí i. Tẹnu tìrẹ ni mo fẹ́ gbọ́.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Èyí ni àlàárì. Òun gan-an nìyí. Èkejì yẹn ti pọ́n kọjá, ó ti fẹ́ dúdú, bí ọbẹ̀ tó jóná.

(Adétúnjí yí èyí tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn padà. K2.)

ADÉTÚNJÍ: Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn.


12.

K2. K2. K2. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó kọ K2 sójú pátákó. Àwọn ọmọ dà á kọ.


13.

ÌKÉDE

Ìpàdé ẹgbẹ́ yóò wáyé lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Alásàrí, nínú búkà òfì. Tíṣà yóò fi kámẹ́rà tó yàn hàn. Ràsáàkì yóò bá mọ́tò àkọ́kọ́ lọ Ìbàdàn láàárọ̀ Sátidé láti lọ rà á. Kí olúkúlùkù tètè dé.


14.

Ràsáàkì dé pẹ̀lú ẹ̀rín àti àpò bébà ńlá. "Ẹ̀yin àgbà, mo ní kí wọ́n tún àwọn fọ́tò náà tẹ̀, kí ó tóbi, kí ojú gbogbo yín lè gbà á. K1 ò ṣe é tún tẹ̀, nítorí náà méjì rèé."

Adétúnjí yí ọ̀kan padà, ó ń wá K2 lẹ́yìn rẹ̀. Funfun.

Ó yí èkejì padà.

Funfun.


15.

OHUN TÍ WỌ́N SỌ NÍNÚ ÌPÀDÉ

BÀBÁ LÁDÒKUN: Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ kí Tíṣà tó yàn. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ ni kí a gbọ́.

RÀSÁÀKÌ: Tíṣà, èyí àbí èyí?

(Adétúnjí ń wò ó. Ó ń wá fọ́nrán òwú, ṣùgbọ́n ó hàn nínú méjèèjì. Ó nawọ́ sí ọ̀kan.)

ADÉTÚNJÍ: Ti ọwọ́ ọ̀tún.

RÀSÁÀKÌ: Ó dáa. Kámẹ́rà kékeré nìyẹn, K3.

ÀPỌ́NLÉ: Ti ọ̀tún kẹ̀? Tíṣà, èmi ni mo pa òwú yẹn láró. Bí mo bá rí ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́n. Àlàárì mi kọ́ nìyẹn.

ADÉTÚNJÍ: Ìyá, fọ́tò yàtọ̀ sí aṣọ. Ojú kámẹ́rà wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, bébà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ náà wà níbẹ̀. Tó bá dénú ìwé tán, yóò jọ ara rẹ̀.

JÍMỌ̀ AHUNṢỌ: Ẹni tó kàwé ló mọ ohun tó ń dénú ìwé.

ÀPỌ́NLÉ: Ó dáa. Mo ti panu mọ́.


16.

Ẹyin lohùn. Nígbà tí Ràsáàkì pe K3, ó yẹ kí ó sọ pé àṣìṣe ni. Ìgbà yẹn gan-an ni Àpọ́nlé dá sí i, gbogbo ojú sì padà sára rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa.


17.

Wọ́n tú ká. Bàbá Ládòkun ní kí Adétúnjí dúró. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni bàbá náà. Ó mú fọ́tò ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún sún un mọ́ra.

"Àwọ̀ wo lo rí níbí?"

"Pupa ni, Bàbá."

"Pupa." Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bùkátà. Irú aṣọ wo lo rí tí mò ń hun láti kékeré rẹ?"

"Ẹtù, Bàbá. Ẹtù àti sányán."

"O rí mi nídìí àlàárì rí?"

Adétúnjí ronú. Kò rí i rí.

"Wọ́n ní ìgbéraga ni. Wọ́n ní ẹtù ni ọwọ́ mi mọ̀, n kò ní fọwọ́ kan òmíràn. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí bẹ́ẹ̀." Ó gbé fọ́tò náà sílẹ̀. "Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ nà ọ́ nítorí òwú, mo wà lójúde. Mo mọ ohun tó ṣe ọ́. N kò wọlé."

"Bàbá, kí ló wá dé tí ẹ fi yàn mí?"

"Mo rò pé ìwé ti wò ọ́ sàn."

"Ìwé kì í wò ó sàn, Bàbá."

"Mo rí i lónìí."

Wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò méjì láàárín wọn. Bàbá kò sọ ohun tó yẹ kí ó ṣe fún un.


18.

LẸ́TÀ TÍ KÒ PARÍ

Mọ́ládé, àwọ̀ inú fọ́tò bá àwọ̀ ara aṣọ mu. Èmi fúnra mi ni mo

Mọ́ládé, mo fi ojú ara mi wò ó, mo sì rí i pé

Mọ́ládé, mo fi ojú ara mi


19.

Sátidé. Ọyẹ́ bo gáréèjì. Ràsáàkì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò.

"Ràsáàkì, má tíì lọ," ni Adétúnjí wí.

"Tíṣà, èrò méjì ló kù kó kún. Ṣé ẹ fẹ́ rán mi ní nǹkan kún un ni?"

Ó kù díẹ̀ kí ó sọ pé: K2 ni kí o rà. Ọ̀rọ̀ kúkúrú. Bó bá sọ ọ́, yóò padà sílé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn kámẹ́rà, aṣọ ń bọ̀. Nọ́ńbà ń bọ̀ lára aṣọ. Òun náà ni wọn yóò tún pè pé kí ó wá wò ó bóyá fọ́tò jọ ọ́.

"Bẹ dírẹ́bà fún mi kí ó dúró díẹ̀," ló sọ, ó sì yà sí ọ̀nà ilé Àpọ́nlé.


20.

Ìkòkò aró wà nílẹ̀ níwájú ilé. Ọwọ́ ìyá àgbà náà wà nínú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn fọ́tò yìí."

"Mo ti wò wọ́n lánàá. O ní n kò mọ̀."

"Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Èmi… ojú mi, Ìyá, èmi ò…"

Fèrè mọ́tò dún láti gáréèjì.

Àpọ́nlé kò wo fọ́tò. Ojú Adétúnjí ló ń wò, bó ṣe máa ń gbé òwú sí oòrùn kó tó sọ pé ó mu aró. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì nínú ìkòkò, ó jẹ́ kí wọ́n máa kán sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

Fèrè tún dún.

Adétúnjí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.