Igi Tí Ìyá Mi Gbìn

Ní Èjìgbò, bí a bá fún àlejò ní oko dá, iṣu ni a ní kó gbìn, àgbàdo ni a ní kó gbìn. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ti gba ilẹ̀ nìyẹn.

Ìdí rèé tí inú ìyá mi, Ọ̀ṣúnwùmí, fi dùn lọ́dún 1962 tí ìjọba sọ oko wa lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn di igbó ọba. Wọ́n ní kó máa gbin iṣu rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó gbin igi tíìkì, igi pákó, sáàárín rẹ̀. Bàbá mi ti wà ní Àbíjàn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ yẹn nìkan ló fi lé ìyá mi lọ́wọ́: “Má jẹ́ kó bọ́.”

Òṣìṣẹ́ igbó ọba ni mí nígbà náà; èmi ni mo tọ́jú ọmọ igi náà nínú ọgbà ìjọba. Mo fi màrìwò ṣíji bò wọ́n, mo ń bomi rin wọ́n láràárọ̀. Èyí tó dáa jù ni mo ṣà fún ìyá mi. Kò jẹ́ kí lébìrà kankan fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ihò, òun ló fẹsẹ̀ ki ìdí rẹ̀.

“Ìjọba gọ̀, Àlàbí,” ó ń rẹ́rìn-ín. “Wọ́n gbé igi lé mi lọ́wọ́. Ta ló tún máa lé mi?”

Mo mọ̀. Ọ̀gá wa, Fábọ̀sẹ̀, ti sọ fún wa pé bí òjìji igi bá ti bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kúrò. Mo wo ẹ̀rín ìyá mi, mo gbé ọ̀rọ̀ mì. Ojo ni mí.

Nígbà tó di ọdún kẹta, igi ti ga ju ilé lọ, iṣu kò ta mọ́. Ọ̀gá dé, ó yìn wá pé kò sí ibi tí tíìkì ti yára dàgbà tó báyìí. Ó ní kí ìyá mi kó ọkọ́ àti àdá rẹ̀.

“Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbin gbogbo rẹ̀, sà.”

“A mọ̀, màmá. Ẹ ṣeun. Ta ló ni igi tí ẹ gbìn?”

Ìyá mi yíjú sí mi. “Àlàbí, ta ló ni ín?”

“Ìjọba ni, màmá.”

Ó wò mí títí ojú fi tì mí.

“Bí bàbá rẹ bá dé, ìwọ ni wàá sọ fún un pé ọwọ́ ara mi ni mo fi gbin ìjọba sórí ilẹ̀ rẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bomi rin ọmọ igi mìíràn. Oko àgbẹ̀ mìíràn lọ́nà ìlú Ara ni wọ́n ń kó wọn lọ.